Fẹlá Ṣówándé, Ẹni tí ó fi Dùùrù sọ Èdè Yorùbá

Odò Ògùn tí ó ń ṣàn kọjá ní Akute, níbi tí a ti ń fa omi lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ omi Èkó, ti kọ́kọ́ gba Abẹ́òkúta kọjá kí ó tó dé ibẹ̀. Ojú irin pẹ̀lú, tí ó ti Èkó gba Ifọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, ti ń so àwọn ìlú wọ̀nyí pọ̀ láti ìgbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe omi àti èrò àti ẹrù nìkan ni ó ń gba àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Orin ń gbà wọ́n pẹ̀lú. Ní ọdún 1846 ni Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther dé Abẹ́òkúta láti wàásù ìhìnrere. Wọ́n mú Bíbélì wá, wọ́n mú ìwé wá, wọ́n sì mú orin wá. Bíbélì àti ìwé rí ibi jókòó láìpẹ́. Orin ni kò tètè rí ibi jókòó, ẹni tí kò bá sì mọ ìdí rẹ̀ kò lè mọ bí iṣẹ́ tí Fẹlá Ṣówándé ṣe láyé ti tóbi tó.

Bí a bá túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí a sì fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì kan náà kọ ọ́, ó dàbí ìgbà tí a bá wọ ẹ̀wù ọmọdé fún àgbàlagbà: ibì kan yóò fún un, ibòmíràn yóò ya. Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ sì lẹ̀ mọ́ àwọn ohùn wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ẹran ṣe lẹ̀ mọ́ egungun. Igba ni iye tí ó tẹ̀lé mọ́kàndínnígba. Igbá ni a fi ń bu omi mu. Ìgbà sì ni àkókò. Lẹ́tà kan náà ni a fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdí nìyí tí ìlù dùndún, tí kò ní ẹnu, tí kò ní ahọ́n, fi lè kí ọba kí ó sì bú ọ̀tá, kí àwọn tí ó gbọ́ sì mọ èyí tí ó ń ṣe. Nígbà tí orin Gẹ̀ẹ́sì bá ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ń kọ ọ́ kò sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ náà a di ohun ẹ̀rín, bí ilé ìjọsìn bá tilẹ̀ jẹ́ ibi ẹ̀rín.

Ọ̀ràn yìí jinlẹ̀ ju bí a ṣe lè rò lọ. Ká ní ẹnì kan tilẹ̀ ṣe é tí ohùn bá ọ̀rọ̀ mu ní ẹsẹ kìn-ín-ní, ohùn kan náà ni orin Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹsẹ kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ wọ̀nyí yàtọ̀ síra. Orin ìbílẹ̀ ti yanjú ìṣòro náà láti ọjọ́ pípẹ́ pẹ̀lú lílé àti gbígbè. Ẹni tí ó ń lé orin a máa yí ohùn rẹ̀ padà bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti yí padà. Àwọn tí ń gbè é a sì di ègbè kan ṣoṣo mú, ègbè tí ohùn àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orin àjùmọ̀kọ ti àwọn ará Yúróòpù, ohùn mẹ́rin ni ó sábà máa ń lọ pọ̀, wọn kì í sì í rìn ní ojú ọ̀nà kan. Bí ohùn tí ó ga jù ti ń gòkè, ohùn tí ó kẹ̀ jù lè máa sọ̀kalẹ̀ pàdé rẹ̀. Ẹwà ni èyí lójú wọn, ẹwà sì ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá kan náà, ọ̀kan nínú wọn lè máa pè é bí ó ti yẹ, kí àwọn yòókù máa pe ohun mìíràn.

Àwọn kan ti jìjàkadì pẹ̀lú ìṣòro yìí ṣáájú Ṣówándé. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí a bí ní ọdún 1855 tí ó sì kú ní ọdún 1930, kọ àwọn orin ìsìn tí ohùn wọn ti inú ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ jáde. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1922, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo. Ní Èkó, Thomas King Ekundayo Phillips, tí a bí ní ọdún 1884, lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó padà dé ní ọdún 1914, ó sì di ọ̀gá olórin ní Kàtídírà Kristi tí ó wà ní Màrínà. Kò fi ipò náà sílẹ̀ títí di ọdún 1962. Òun ni ó kọ ìwé tí a ń pè ní Yoruba Music, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1953, ìwé tí ó gbìyànjú láti sọ bí orin Yorùbá ti rí àti bí a ṣe lè kọ orin tuntun láìtẹ òfin ohùn lójú.

Lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Olúfẹlá Ọbáfúnmiláyọ̀ Ṣówándé. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, a sì bí i ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1905. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà àti olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ràn orin púpọ̀, nítorí náà kì í ṣe ìta ni ọmọ náà ti bá orin pàdé. Ó lọ sí CMS Grammar School àti King's College ní Èkó, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ akọrin Kàtídírà. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ orin àwọn àgbà olórin Yúróòpù tí Phillips ń tẹ̀ lórí dùùrù, níbẹ̀ náà ni ó sì ti ń gbọ́ àwọn orin Yorùbá tí Phillips fúnra rẹ̀ ń kọ fún ìjọ. Etí kan gba méjèèjì, kò sì fi ọ̀kan lé èkejì jáde.

Ní àárín àwọn ọdún 1930 ni ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀ láti lọ kọ́, ṣùgbọ́n orin ni ó ń bọ́ ọ. Ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ oníjáàsì ṣeré kí ó tó kúrò ní Èkó. Ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ dùùrù ní ilé ìgbafẹ́ àti lórí rédíò BBC, ó bá olórin obìnrin ará Amẹ́ríkà nnì, Adelaide Hall, ṣiṣẹ́, ó sì bá Fats Waller tẹ dùùrù pọ̀. Ní ọdún 1936 òun ni ó tẹ dùùrù nínú Rhapsody in Blue, iṣẹ́ tí George Gershwin ṣe tí kò rọrùn fún ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn kan a máa fi ojú kékeré wo irú orin báyìí. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó tí ó ti inú rẹ̀ wá ni ó fi jẹun, ohun tí ó sì kọ́ níbẹ̀ nípa bí ìlù ṣe ń gbé orin rìn kò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ní gbogbo àkókò tí ó ń ṣeré ní alẹ́ ni ó ń kàwé ní ọ̀sán. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Oldroyd àti George Cunningham, ó gba oyè ẹ̀kọ́ orin ti Yunifásítì Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ní ọdún 1943 sì ni ó di ọmọ ẹgbẹ́ àgbà ní Royal College of Organists. Ìdánwò ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ti ìka nìkan; ẹni tí ó ń ṣe é yóò tẹ dùùrù, yóò sì jókòó kọ orin lórí ìwé láìsí ohun èlò kankan níwájú rẹ̀. Ṣówándé yege, ó sì gba ẹ̀bùn mẹ́ta lé e, Limpus, Harding àti Read. Ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́ nígbà náà. Ó ń ṣe iṣẹ́ orin fún Colonial Film Unit, ẹ̀ka ìjọba tí ń ya sinimá fún àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1945 títí di ọdún 1952 ni ó sì fi jẹ́ olùtẹ-dùùrù fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti West London Mission ní Kingsway Hall.

Ní orí dùùrù ìjọ yìí ni ó ti rí ọ̀nà àbáyọ kan nínú ìṣòro ohùn àti ọ̀rọ̀. Dùùrù ńlá ti ilé ìjọsìn kì í ṣe ohun kékeré. Fèrè ni ó pọ̀ nínú rẹ̀, òmíràn ga ju ènìyàn lọ, òmíràn kò tó ìka. Afẹ́fẹ́ ni a ń fẹ́ sínú wọn, bí ọwọ́ bá sì ti tẹ pátákó, fèrè tí ó bá a mu yóò dún. Ẹsẹ̀ pẹ̀lú ní pátákó tirẹ̀ nísàlẹ̀, tí ó ń mú ohùn tí ó kẹ̀ jùlọ jáde. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó jókòó síbẹ̀ lè mú kí ohùn mẹ́rin, márùn-ún, máa lọ pọ̀ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wàyí o, dùùrù kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí ohùn òkè bá ń gun òkè tí ohùn ìsàlẹ̀ sì ń sọ̀kalẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò bàjẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ń pè é. Síbẹ̀, bí orin tí a fi lélẹ̀ bá jẹ́ èyí tí a ti inú ọ̀rọ̀ Yorùbá yọ, etí Yorùbá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láìjẹ́ pé a kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbọ́ ti dùndún.

Ohun tí Ṣówándé ṣe nìyí nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dùùrù rẹ̀. Àkọlé wọn tó láti fi hàn: Ọbáńgíjì, Ká Múra, Jésù Olùgbàlà, Ọyígíyigì. Àwọn orin tí ìjọ àti ará ilé mọ̀ ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ wọn. Nínú Ọyígíyigì, tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ oríkì Olódùmarè, ìfáárà ni ó kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn náà ni orin gan-an yóò jáde ní kedere kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, bí ẹni tí ó gbé àdìrẹ kan sí oòrùn tí ó sì ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún kí àwọn tí ń wò ó lè rí gbogbo ọnà ara rẹ̀. Àjèjì tí ó jókòó nínú ilé ìjọsìn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù yóò gbọ́ orin dáradára tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Yorùbá tí ó jókòó tì í yóò gbọ́ èyí, yóò sì gbọ́ orúkọ Ọlọ́run pẹ̀lú. Etí méjì ni iṣẹ́ náà wà fún, kò sì rẹ́ ọ̀kan jẹ nítorí èkejì. Ó ṣe irú iṣẹ́ kan náà fún àwọn orin tí àwọn ọmọ Áfíríkà kọ nínú ìgbèkùn oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Go Down Moses jẹ́ ọ̀kan tí ó sọ di iṣẹ́ dùùrù, ó sì ṣètò àwọn mìíràn fún ẹgbẹ́ akọrin.

Iṣẹ́ tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́ jùlọ ni African Suite, tí ó parí ní ọdún 1944. Ohun èlò olókùn ni a fi ń ṣe é, fàólìn àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ohùn wọn kẹ̀ jù ú lọ, pẹ̀lú háàpù. Ìpín márùn-ún ni ó ní: Joyful Day, Nostalgia, Onipe, Lullaby àti Akinla. Ọdọ̀ Ephraim Amu, ọ̀gá olórin ilẹ̀ Gánà, ni ó ti rí orin tí ó fi ṣe ìpín kìn-ín-ní. Ìpín kejì lọ́ra, ó sì tutù. Àárò ilé ni ó sọ, kò sì yani lẹ́nu, nítorí ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ọkùnrin náà ti kúrò nílé, ogun sì ti dí ojú òkun. Akinla, tí ó kẹ́yìn, jẹ́ orin ijó háílàìfù tí àwọn ènìyàn etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jó. Ó gbé orin ilé ijó lọ sáàárín àwọn onífàólìn tí wọ́n jókòó pẹ̀lú kóòtù dúdú lọ́rùn, ijó náà kò sì kúrò nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Decca gbà á sínú àwo, BBC sì gbé e sáfẹ́fẹ́.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni irú èrò yìí wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Denmark, ilẹ̀ kékeré kan ní àríwá Yúróòpù, a bí Carl Nielsen ní ọdún 1865, ọmọ akunlé kan ní abúlé, tí bàbá rẹ̀ ń ta fàólìn níbi ìgbéyàwó àti ijó. Ọmọ náà kọ símfónì mẹ́fà kí ó tó kú ní ọdún 1931, ó sì kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin kéékèèké tí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àgbà ìlú rẹ̀ ń kọ. Ọ̀nà òun àti Ṣówándé jọra nínú pé ẹnu ará ilé ni wọ́n ti bu iyọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà, ó sì dun ni. Nielsen rí ẹgbẹ́ olórin ńlá ní Copenhagen, olú-ìlú rẹ̀, tí yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ jókòó ta fàólìn láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣówándé níláti kọjá òkun kí ó tó rí ẹgbẹ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1953 ó padà sí Èkó láti ṣe olórí ẹ̀ka orin ní ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò kà sí: ó ń wá àwọn àgbà, àwọn onílù àti àwọn babaláwo lọ, ó ń gba orin, ìtàn àti oríkì sílẹ̀, ó sì ń gbé wọn jáde lórí rédíò. Ìwádìí yìí mú un jìnnà. Ọmọ àlùfáà, tí ó ti fi ọdún púpọ̀ tẹ dùùrù fún ìjọ, wá kọ ìwé lórí Ifá, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1964. Láti ọdún 1962 títí di ọdún 1965 ni ó fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Àwọn kan ń bi í léèrè ìdí tí ó fi ń fi ohun èlò òyìnbó ṣe orin Áfíríkà, tí kò kúkú jẹ́ kí dùndún jẹ́ dùndún. Èsì rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sé olórin mọ́ inú ọgbà bàbá rẹ̀ kí ó sì ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan ìta. Bí àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ ara wọn ni ọmọ Áfíríkà náà lè gbà, kí ó sì fi tirẹ̀ fún wọn. Èsì náà lágbára, nítorí ẹni tí ó fún un kò kẹ́gàn ohun ìbílẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń bi í léèrè lọ. Síbẹ̀ ìbéèrè náà kò tíì kú.

Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1960, Ṣówándé ni ó ṣe Folk Symphony fún ayẹyẹ náà. Símfónì jẹ́ orin gígùn fún ẹgbẹ́ olórin ńlá, olókùn, onífèrè àti onílù, tí a pín sí ọ̀nà bíi mẹ́rin, irú iṣẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù kà sí òṣùwọ̀n aṣẹ̀dá-orin. Orin ìbílẹ̀ ni Ṣówándé fi kún inú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni àwọn ènìyàn New York gbọ́ ọ ní Carnegie Hall. Nílé, níbi tí a ti ṣe é fún, àwọn olórin tí ó pọ̀ tó láti gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kà nípa símfónì òmìnira wọn láìgbọ́ ọ rí.

Ní ọdún 1968 ó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó kọ́ni ní Yunifásítì Howard ní Washington, lẹ́yìn náà ní Pittsburgh, lẹ́yìn náà ní Kent State ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tí ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1982. Nílé, àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà tí ó là. Ayọ̀ Bánkólé, tí a bí ní ọdún 1935, kọ orin dùùrù àti orin akọrin tí ó dára gan-an kí ikú tó mú un lọ́jọ́ àìtọ́ ní ọdún 1976. Akin Euba, tí a bí ní ọdún 1935 kan náà tí ó sì kú ní ọdún 2020, wá ọ̀nà tí pátákó píánò yóò fi máa dún bí ìlù àti agogo.

Ṣówándé kú ní Ravenna, ìlú kékeré kan ní Ohio, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 1987, wọ́n sì sin ín sí ilẹ̀ àjèjì náà. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Clyde Gilmour ń ṣe ètò orin kan lórí rédíò CBC lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láti ọdún 1956 ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, Akinla, orin ijó láti inú African Suite, ni a sì ń fi ṣe àmì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ òjò dídì yẹn mọ orin náà bí ẹni mọ ohùn aládùúgbò. Ní ọdún 1997 ni Gilmour fi ètò náà sílẹ̀; ó ti pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà tí ẹni tí ó kọ orin ọ̀hún ti wà nínú ilẹ̀.